Ta ló ń lé ẹ̀fọn lọ́sàn-án gangan?

Mi ò tíì da omi gbígbóná sí i tán tí Màmá mi fi pariwo láti pálọ̀ pé, "Ta ló ń lé ẹ̀fọn lọ́sàn-án gangan?"

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé tí wọ́n ti ń sá èèpo ọsàn sórí páànù ti mọ ohun tí Màmá mi ń sọ. Ní Ìgbógbó níbí, ní Ìkòròdú, táwọn tó ń bẹ ọsàn tà bá ti ń palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, àwa ọmọdé la máa ń lọ ṣa èèpo náà. A ó sá a títí yóò fi gbẹ, tó bá di alẹ́ a ó finá sí i, èéfín rẹ̀ á sì gba gbogbo yàrá. Ẹ̀fọn á jáde. Àwa náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Òórùn yẹn gan-an ló ń ti inú kọ́ọ̀bù mi bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Àmọ́ tíì ni o.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Kánádà ló fi ránṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé tíì Pu-erh ni, pé kòkó àti èèpo ọsàn wà nínú rẹ̀. Mo gbé fọ́tò rẹ̀ sórí status mi, àfi bí ìbéèrè ṣe ń rọ́ wọlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni: "Ṣé Milo ni àbí Lipton?" Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, kí n má baà máa dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè gidi ni o, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ohunkóhun tó bá ti gbóná nínú kọ́ọ̀bù, tí a lè ki búrẹ́dì bọ̀, tíì ni. Bournvita, tíì. Milo, tíì. Ovaltine tí wọ́n máa ń gbé lọ kí aláìsàn, tíì. Lipton nìkan la máa ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn, a ó ní "tíì Lipton", bí ẹni pé òun ni àlejò láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni ewé tíì wà nínú rẹ̀. Kòkó ló wà nínú àwọn yòókù. Nítorí náà, nígbà tí òyìnbó bá po kòkó mọ́ tíì tó wá ń ṣe bí ẹni tó rí ohun tójú ò rí rí, ẹ̀rín ló ń pa mí. Kòkó la fi mọ tíì láti kékeré.

Ohun tó jẹ́ tuntun sí mi ni tíì náà fúnra rẹ̀.

Ewé igi kan náà ni Lipton àti Pu-erh. Ohun tó mú ewé Lipton dúdú ni pé wọ́n rún un, wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kàn án dáadáa kí wọ́n tó fi ooru gbẹ ẹ́. Iṣu tí a bẹ tí a ò tètè kó sómi, tó wá ń dúdú, irú rẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n Pu-erh, bíbò ni wọ́n ń bò ó. Yunnan ni wọ́n ti ń ṣe é, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti bá Laos àti Vietnam pààlà. Látijọ́, wọ́n á tẹ ewé náà pọ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n á gbé e pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa yí padà díẹ̀díẹ̀ níbi tó wà. Ní 1973 ni wọ́n dá ọgbọ́n kan sí i: wọ́n kó ewé jọ gègèrè, wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n da aṣọ bò ó, òkìtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í móoru láti inú. Wọ́n á máa tú u, wọ́n á máa yí i, kó má baà rà. Láàárín ọjọ́ 45 sí 60, ewé tí ì bá gba ọ̀pọ̀ ọdún ti dúdú, ó ti rọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé gbogbo èyí, Màmá mi kàn ń wò mí ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n ní, "Irú nìyẹn."

Mo dúró, mo ronú sí i. Irú ni lóòótọ́. Ògì ni Màmá mi ń ṣe tà ní tiwọn, wọn ò ta irú rí, àmọ́ ìyá Ìjẹ̀bú wo ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń bo irú? Ẹ ó sè é títí, ẹ ó bó èèpo rẹ̀, ẹ ó tún un sè, ẹ ó dà á sínú igbá, ewé á lọ sórí rẹ̀, aṣọ á lọ sórí ewé, ó di ọ̀túnla. Kò sẹ́ni tó bu nǹkan kan sí i. Ooru inú igbá yẹn àti àwọn ohun tíntìntín tí ojú ò lè rí ló ń ṣiṣẹ́. Àgbàdo Màmá mi náà, ọjọ́ mẹ́ta ló ń lò nínú omi kó tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́lọ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti kòkó gan-an, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi. Bàbá tó bí Màmá mi dá oko kòkó lápá Ìjẹ̀bú-Igbó. Màmá mi ní táwọn bá ti fọ́ kòkó, àwọn ọmọdé á máa fẹnu fa ẹran funfun tó wà lára rẹ̀, torí pé ó dùn, ó sì kan díẹ̀. Ìyókù á lọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n á máa yí i, omi á máa ro lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ibẹ̀ á máa rùn bí ẹmu àná. Ẹ bá ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì náà, ẹ ó tètè yọ ọ́, torí ó gbóná. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó sá a. Kòkó tí wọ́n bá kánjú sá láìbò ó, bó ti wù kí wọ́n yan án tó, adùn ṣokoléètì kò ní jáde lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ṣokoléètì tí ẹ ń yínmú sí fùfú, ẹ gbọ́ o. (Ilẹ̀ Èkó wa yìí náà wà nínú ìtàn kòkó. Captain J.P.L. Davies ti ń gbìn ín lápá Agége ní nǹkan bí 1880. Ẹ jẹ́ n padà sórí tíì mi.)

Ewé wẹ́wẹ́ ló wà nínú páálí náà, ó dúdú bí èédú, kòkó kéékèèké àti èèpo ọsàn gbígbẹ wà láàárín rẹ̀. Àbúrò mi ti kìlọ̀ pé kí n da omi tó hó sí i, kí n sì da omi àkọ́kọ́ yẹn nù, pé ìyẹn ni wọ́n fi ń fọ ewé rẹ̀. Mo da èyí tí mo fẹ́ mu sí i lẹ́yìn náà, mo fi asẹ́ sẹ́ ẹ sí kọ́ọ̀bù mẹ́ta: tèmi, ti ọkọ mi, ti Màmá mi.

Kọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, imú ló mu ún, ẹnu ò rí nǹkan mu. Òórùn ṣokoléètì gba ilé kan, òórùn ọsàn tẹ̀ lé e, ọkàn mi ti ń retí nǹkan dídùn. Mo gbé e sẹ́nu, kò sí ṣúgà, kò sí mílíìkì, omi tó ń ta sánsán lásán ni. Ó rán mi létí ìpara kan tí mo máa ń fi pa àwọn ọmọ lára. Ọkọ mi bu ṣúgà àti mílíìkì sí tiwọn láìbi ẹnikẹ́ni, wọ́n ní ó ti di Bournvita, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Màmá mi mu ìdajì, wọ́n gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀.

Mo tún da omi sí ewé kan náà, torí wọ́n ní ó máa ń gba omi bíi mélòó kan. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ṣokoléètì ti ń lọ, ọsàn ló kù, ó korò díẹ̀ bí ìgbà téèyàn bá fi eyín ge èèpo. Mi ò kà á kún.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo fi jókòó. Àwọn àlejò ti lọ, onílé ló kù. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú, ó pọ́n lábẹ́ bí omi àgbo ibà, kò sì korò bí àgbo, kò kan bí omidùn. Ó ní òórùn abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn òjò, níbi tí ewé ti kó jọ tẹ́nikẹ́ni ò gbá a. Mo mọ̀ pé ìyẹn ò dún bí ohun téèyàn ń fi yin nǹkan mímu. Àmọ́ ó rọra ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun, kò ta, kò há, nígbà tó sì lọ tán, adùn kékeré kan kù sẹ́yìn ahọ́n. Mo bù fún Màmá mi. Wọ́n mu ún tán. Wọ́n ní, "Èyí lò bá ti kọ́kọ́ bù fún mi."

Èrò ọkàn mi wá nìyí. Ẹni tó fi òórùn ṣokoléètì yẹn sí i, ó mọ̀ pé tíì náà dáa. Imú àwọn tó fẹ́ rà á ló ń bà á lẹ́rù. Ó ṣe é kí ẹni tí ì bá sá fún ewé bíbò lè rò pé súwíìtì lòun ń mu. Mi ò lè bínú sí i jù, torí àwa náà ti ń ṣe é. Fùfú tí kì í rùn wà nínú páálí ní súpámákẹ́ẹ̀tì báyìí. Ògì onífànílà wà. Mo ti jẹ ẹ̀fọ́ rírò nílé ìnáwó kan tí irú ò sí nínú rẹ̀ rárá, torí àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀. Obìnrin kan tiẹ̀ wá bá Màmá mi lọ́dún tó kọjá pé ṣé wọ́n lè ṣe ògì tí kò ní kan fún òun. Màmá mi ní kó lọ máa mu omi àgbàdo.

Kí n jẹ́wọ́, èmi náà ti fi fùfú pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rí nígbà tí mo wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, nítorí ọmọ kan tó sọ pé yàrá wa ń rùn. Ọmọ ọdún 18 ni mí nígbà náà.

Ọsàn ò ṣẹ̀ mí o. Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn máa ń fi èèpo rẹ̀ sí Pu-erh. Ní Xinhui, ní ìpínlẹ̀ Guangdong, wọ́n máa ń sá èèpo náà, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó bá ṣe pẹ́ tó ni owó rẹ̀ ń lé sí. Wọ́n tún máa ń kó inú ọsàn kékeré jáde, wọ́n á ki tíì kún èèpo rẹ̀, wọ́n á gbẹ ẹ́ pọ̀. Ìyẹn jẹ́ àgbà méjì tó jókòó pọ̀. Òórùn ṣokoléètì inú ìgò tí wọ́n wọ́n sórí ewé ni mo ń bá jà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ má mu ún nírọ̀lẹ́. Kaféènì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Màmá mi tó máa ń sùn ní aago mẹ́sàn-án, aago kan òru ni mo gbọ́ tí wọ́n ń sẹ́ ògì lẹ́yìnkùlé.

Lọ́jọ́ Àìkú, àbúrò mi pè wá lórí fídíò. Mo ní tó bá tún fẹ́ ra nǹkan ránṣẹ́, kó ra èyí tí kò ní ṣokoléètì, tí kò ní ọsàn. Ó ní, "Àǹtí mi, ìyẹn ń rùn o. Ó ń rùn bí yàrá tí wọn ò ṣí látọdún mẹ́ta." Màmá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ògì tí mo tà tí mo fi san owó ilé ìwé rẹ, ṣé òórùn tùràrí ló ń jáde lára rẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní ó di oṣù Kejìlá.

Páálí tèmi ṣì ku bí ìdajì. Ẹni tó bá wà ní Ìgbógbó tó fẹ́ tọ́ ọ wò kó yà wá, àmọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo máa bù fún un.