Geregu: Ta Ni Yóò Tún Rọ́bọ́ọ̀tì Náà Ṣe?

Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Kàbà, ní ilẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, tó gba Òkéné lọ sí Àjàòkúta, àwọn àgbà inú rẹ̀ kì í pẹ́ mí kanlẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ irin yẹn bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọdún 1979 ni ìjọba ti tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì, ìjọba tí Rọ́ṣíà ṣáájú nígbà náà. Títí di òní, irin yíyọ́ kò tíì ṣàn jáde nínú ìléru ńlá rẹ̀ rí.

Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an, ní Geregu, ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó agbára átọ́míìkì fẹ́ kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ iná núkílíà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí. Ìtù ní Akwa Ibom ni ibi kejì tí wọ́n dárúkọ. Ní oṣù kẹwàá 2017, ìjọba tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Rosatom, ilé-iṣẹ́ núkílíà ìjọba Rọ́ṣíà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí wa bí ara wa kò bá tètè balẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà ń sọ fún wa pé ayé ti yí padà, pé rọ́bọ́ọ̀tì ló ń wọ ibi eléwu báyìí, pé ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní Chernobyl ní 1986, nígbà tí ilé-iṣẹ́ iná núkílíà ibẹ̀ bú gbàmù, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n kó gun òrùlé láti palẹ̀ pàǹtí olóró mọ́ ni ìtànṣán núkílíà bàjẹ́. Èèyàn ni wọ́n wá fi rọ́pò wọn: ọmọ ogun tó ju 3,000 lọ, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sáré gòkè pẹ̀lú ṣọ́bìrì, tó da ẹrù kan tàbí méjì sílẹ̀, tó sì sáré sọ̀kalẹ̀ kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó pé. “Rọ́bọ́ọ̀tì ẹlẹ́ran ara” ni wọ́n ń pè wọ́n. Kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni ní Yàgbà, ní Ìjùmú, ní Bùnú, ní Owé tàbí ní Ọ̀wọ̀rọ̀ tí a ó fi sírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí rọ́bọ́ọ̀tì máa lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Japan. Nígbà tí omi òkun ya bo ilé-iṣẹ́ iná núkílíà Fukushima ní oṣù kẹta 2011, gbogbo ayé ló rò pé rọ́bọ́ọ̀tì kún ilẹ̀ wọn bí eṣú. Síbẹ̀ PackBot, rọ́bọ́ọ̀tì láti Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ wọlé, ní oṣù kẹrin. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Quince dé, èyí tí àwọn yunifásítì Japan fọwọ́ ara wọn ṣe. Ó gun àtẹ̀gùn, ó ya àwòrán, ó wọn ìtànṣán. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wáyà tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀ há sí àjà kẹta ilé ríákítọ̀ kejì (ríákítọ̀ ni ìléru tí epo núkílíà ti ń ṣiṣẹ́), kò sì sí ẹni tó lè wọlé lọ tú u. Ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí. (Àwa tí “okun” jẹ́ ìkíni lẹ́nu wa, ẹ ò rí i pé okùn lásán ló borí agbára rẹ̀!)

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e ló kàn wá. Kò tó oṣù márùn-ún tí wọ́n fi gbé Quince kejì àti ìkẹta jáde, tí wọ́n ti tún ọ̀rọ̀ wáyà náà rò kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Àwọn tó ṣe é wà nílé, wọ́n mọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, wọn kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni lókè òkun. Síbẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe kékeré: oṣù kọkànlá 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ ẹ̀rọ gígùn mú èérún epo núkílíà tó yọ́ jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò pé gíráàmù kan. Ohun tó kù nílẹ̀ tó 880 tọ́ọ̀nù.

Nípa ọgbọ́n àtọwọ́dá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ lẹ́nu wa. Ní 2024, àwọn olùwádìí yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà sọ pé ètò kan tí àwọn kọ́, lórí ẹ̀rọ ìwádìí DIII-D ní San Diego, lè rí ìdàrúdàpọ̀ inú iná núkílíà alápapọ̀ (“fusion”, èyí tó ń so átọ́ọ̀mù pọ̀ dípò kó pín in) ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kó tó ṣẹlẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni wọ́n fi kọ́ ètò náà. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi kọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀. Àti pé nínú ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè iná, kí ẹ̀rọ máa kìlọ̀, kí èèyàn tó ní ìwé-àṣẹ máa pinnu. Kí àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ núkílíà kọ ìyẹn sínú òfin báyìí, kó tó di pé agbaṣẹ́ṣe bá wa kọ ọ́.

Nàìjíríà kò ṣófo. Ríákítọ̀ kékeré kan wà ní Zaria láti 2004, lábẹ́ yunifásítì Ahmadu Bello. Ìwọ̀n 30 kílówáàtì péré ni, ìwádìí ló wà fún, kì í ṣe iná. Ní 2018, wọ́n yọ yuréníọ̀mù tó lágbára jù kúrò nínú rẹ̀, wọ́n fi èyí tí kò ṣeé fi ṣe bọ́ǹbù rọ́pò rẹ̀. Yunifásítì yìí kan náà kì í ṣe àlejò ní Kàbà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ìlú náà fi wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì náà lè gbà á.

Ohun tí a fẹ́ nìyí: yàrá ìwádìí rọ́bọ́ọ̀tì kan ní Kàbà, tó so mọ́ Zaria, níbi tí ọmọ Mọ̀pà àti Ìsánlú yóò ti máa tú ẹ̀rọ palẹ̀, tí yóò sì máa tò ó padà. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́ tó wà nílẹ̀: kí wọ́n máa wọn ìtànṣán níbi tí wọ́n ti ń wa ohun àlùmọ́ọ́nì lágbègbè Ẹ̀gbẹ̀. Àwọn kan á ní owó kò sí. Iye tí irú yàrá bẹ́ẹ̀ yóò gbà kò lè tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ríákítọ̀ kan.

Ẹ̀yin aṣòfin wa l'Ábújá, ẹ jẹ́ ká rí i nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì kí katakata àkọ́kọ́ tó dé Geregu. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí owó ìpìlẹ̀ náà.