Kí Ẹni Tó Ń To Ìlà Ìbò fún Wa Náà Jẹun

Bí ìbò bá ti ń kan ilẹ̀kùn ní Òṣogbo, láti Ayétòrò títí dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, owó á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú ní tirẹ̀, òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ tí INEC, àjọ tó ń ṣètò ìbò, gbà ní tirẹ̀, ọlọ́pàá náà kò sì wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè bóyá wọ́n ti jẹun ni àwọn ọmọ àdúgbò tó yọ̀ǹda ara wọn: àwọn tó ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn kí aládùúgbò má baà gbàgbé káàdì ìdìbò rẹ̀ sí ọ́fíìsì INEC, tó ń bá àgbàlagbà wá orúkọ rẹ̀ lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tó ń to ìlà kí ìjà má baà bẹ́. Ohun tí wọ́n ń gbà kò ju "Ọlọ́run á san án fún yín" lọ. A ò ní kí Ọlọ́run má san án. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níkàáwọ́ tiwa ńkọ́?

Ohun tí à ń sọ ni pé àdúgbò tó bá pe èèyàn sí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lásìkò ìbò gbọ́dọ̀ bọ́ ọ, kó jẹ́ kó sinmi, kó sì rí i pé ó délé láyọ̀. Àánú nìkan kọ́ la fi ń sọ ọ́. Ìwà mímọ́ ìbò fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ wo bí ọjọ́ náà ṣe máa ń rí. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ọmọbìnrin tó fẹ́ to ìlà ti jáde, ẹnikẹ́ni ò tíì dáná nílé. Ọkọ̀ kì í rìn lọ́jọ́ ìbò, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni ìdìbò ń bẹ̀rẹ̀, aago méjì ààbọ̀ ló yẹ kó parí, àmọ́ gbogbo ẹni tó bá ti wà lórí ìlà kí àkókò náà tó pé ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Bí BVAS, ẹ̀rọ tó ń dá olùdìbò mọ̀, bá wá ń kọ ìka arúgbó kan lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, ìlà ò ní sún. Kó tó dọ̀sán, ohùn ọmọ náà ti há. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹnì kan á yọ lẹ́yìn ògiri, ìrẹsì nínú nọ́ílọ̀n, omi tútù lọ́wọ́ kejì: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ fi nǹkan panu." Gbogbo ìlà ló mọ ẹgbẹ́ tó dáná ìrẹsì ọ̀hún. Bó bá gbà á, kò sẹ́ni tó máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí mọ́ níbẹ̀ yẹn. Bí kò bá gbà á, ebi lè dá a wó. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. "Dìbò kóo sebẹ̀", ìyẹn fífi owó ra ìbò tí gbogbo wa ń bú yìí, olùdìbò nìkan kọ́ ló ń wá kiri.

Ẹni tó bá sì rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wàhálà ìbò, a jẹ́ pé kì í gbé Ọ̀ṣun. Ní 2018, a dìbò gómìnà ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, wọ́n ní kò tíì parí. Ìbò 353 péré ló wà láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì. Ní ọjọ́ 27, a tún un dì ní ibùdó méje, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Òṣogbo níbí. Ẹni tó ti lo agbára rẹ̀ tán lọ́jọ́ Sátidé, kí ló fẹ́ fi jí lọ́jọ́bọ̀? Ti 2022 tún wá le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù keje la dìbò. Ní oṣù kìíní 2023, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò gbé e fún Oyètọ́lá tó ti jẹ gómìnà ṣáájú, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbé e padà fún Adélékè tí INEC ti kéde pé ó wọlé ní oṣù kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó wá fòǹtẹ̀ lù ú ní oṣù karùn-ún. Fún bí oṣù mẹ́wàá, ará ilé kan náà ń wo ara wọn bí ọ̀tá, tí àríyànjiyàn orí WhatsApp kì í jẹ́ kílẹ̀ ṣú. Ẹni tó to ìlà lóṣù keje ni gbogbo àdúgbò tún ń pè lóru láti bèèrè bóyá òótọ́ ni ìròyìn tí wọ́n gbọ́.

Ẹ̀yin tó yọ̀ǹda ara yín, ọ̀rọ̀ tiyín náà kù díẹ̀. Ẹ pa fóònù, kí ẹ sùn. Èsì tí INEC bá gbé sórí IReV, ojú òpó èsì ìbò wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ní sá lọ kílẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi oògùn rẹ̀ sílé lọ síbùdó ìdìbò. Agbára inú agolo tí ẹ ń mu lé ebi lórí yẹn, ṣúgà àti kaféènì ni, kì í ṣe oúnjẹ. Bí jàǹdùkú bá sì yọ, ẹ sá! Iṣẹ́ agbófinró ni àpótí ìbò, ẹ má fi ẹ̀mí yín dí i.

Àwọn kan á ní ẹni tó bá ti jẹun lórí iṣẹ́ ọ̀fẹ́, kò yọ̀ǹda ara rẹ̀ mọ́. Irọ́ ni. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń bẹ ọ̀wẹ̀, ta ló gbọ́ pé olóko fi ebi dá àwọn tó wá bá a ro oko padà sílé? Owó ìjọba ńkọ́? A ò fẹ́ ẹ, nítorí ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà náà ń du ìbò.

Ibùdó ìdìbò 3,763 ló wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, agbára káká la sì fi máa rí èyí tí kò ní ẹgbẹ́ onílé, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì nítòsí. Ìkòkò ìrẹsì kan tí àdúgbò fúnra rẹ̀ dá owó rẹ̀ jọ, tí wọ́n bù kí àwọn ọmọ náà tó jáde, ti tó láti lé onínọ́ílọ̀n padà. Nínú ìpàdé onílé tó kàn, kí wọ́n tó dé orí owó ẹ̀ṣọ́ òru àti owó tiransifọ́mà, ẹ jẹ́ kí alága bèèrè ẹni tó máa dáná láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, ẹni tó máa gba ipò ẹni tó ti rẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán, àti ẹni tó máa sin àwọn ọmọ náà délé bí wọ́n bá ka ìbò tán lálẹ́. Kí akọ̀wé kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ kí ìpàdé tó tú.