Ẹsẹ̀ Ò Gbọdọ̀ Kanlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò máṣíìnì lẹ́ẹ̀mẹta ní ìlú ọba. Èmi. Èmi tí mo fi ọdún márùn-ún gun ọ̀kadà ní Òṣogbo, láti Ọláìyá dé Òkè-Fìà, tí mo gbé ìyá ìbejì, mo gbé ìbejì, mo gbé garawa èlùbọ́, mo tún fi òbúkọ sí iwájú. Òbúkọ yẹn gan-an ló fọkàn balẹ̀ jù nínú wa.

Ká ní eré ni wọ́n ní kí n sá, ọ̀rọ̀ ì bá má di ariwo. Eré wà nínú ẹ̀ lóòótọ́: ẹ gbọ́dọ̀ dé 50 kìlómítà ní wákàtí kí ẹ tó tẹ bíréèkì pàjáwìrì. Ìyẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹni tí màlúù ti já lù lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán rí, ta ló fẹ́ kọ́ ọ ní bíréèkì? Jẹ́jẹ́ ni ìyà wà. Wọ́n á to kóònù kalẹ̀, ẹ ó máa yọ́ gba àárín wọn bí ejò. Ẹ ó yí kóònù méjì po bí ẹni ń kọ 8. Ẹ ó rọra máa lọ bí ẹni ń sin ìyá arúgbó dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni yútọ́ọ̀nù, láàárín ìlà méjì tí àlàfo wọn jẹ́ mítà 7.5. Táyà ò gbọdọ̀ tẹ ìlà. Ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kanlẹ̀! Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ dákun, ìgbà wo lẹ rí ọlọ́kadà tó yí padà láìsọ ẹsẹ̀ sílẹ̀? Nínú yútọ́ọ̀nù tiwa, ẹsẹ̀ méjèèjì á máa wọ́lẹ̀, họ́ọ̀nù á máa ké, èébú á máa jáde. Ẹsẹ̀ fún báláǹsì, họ́ọ̀nù fún ẹni ẹ̀yìn, èébú fún ẹni iwájú. Wọ́n gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n wá ní kí n máa yí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ òsì mi ló dà mí. Ó kàn sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni fẹ́ kí ilẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mi ò wo ẹ̀yìn èjìká kí n tó yí. Wọ́n ní bóyá ọkọ̀ ń bọ̀. Ọkọ̀ wo? Inú ọgbà ni a wà, èmi, Òyìnbó tó ń dán mi wò, àti ẹyẹ kan. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni lẹ́yìn mi. Ọdún keje rèé tí mo ti mọ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti yí i dé ìdajì, ẹ̀rù bà mí, mo fi ìka méjì péré tẹ bíréèkì ọwọ́. Ẹni tó bá ti gun máṣíìnì rí mọ ìyókù. Ẹ má tẹ bíréèkì iwájú nígbà tí orí máṣíìnì bá ti wọ́. Ó rọra sùn kalẹ̀ bí alága òde ìyàwó tó ti yó, èmi náà sì bá a sùn. Bí mo ṣe ń tì í jáde, ọmọbìnrin kan ń dúró de tirẹ̀. Kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, etí ológbò méjì wà lórí akoto rẹ̀. Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé ó máa ń ṣòro fún ẹni tí kò gun máṣíìnì rí.

Ẹni tí kò gun máṣíìnì rí!

Ọmọ náà wọlé, ó yí i bí ẹni ń yí àmàlà, ó sì yege.

Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Iṣẹ́ kíà, ìtọ́jú èèyàn, ni mo ń ṣe lọ́sàn-án, písà ni mo ń fi máṣíìnì kékeré gbé kiri lóru. Ìwé tí mo fi ń gùn ún, ọdún méjì ni ẹ̀mí ẹ̀, tó bá kú, ẹ ó tún lọ kẹ́kọ̀ọ́ padà. Lórí ìwé yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ lẹ L pupa gàdàgbà mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn. Mo sọ fún Bàbá Kékeré lórí fóònù pé L yẹn dúró fún Látijẹ. Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n ní tí n bá ti jẹ tán, kí n rántí páànù àwọn.

Àbúrò bàbá mi ni Bàbá Kékeré. Ilé wọn ti fẹ́ kan òrùlé láti ọjọ́ tí mo ti wọ bàálù. Tí wọ́n bá fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ àdúrà ni. Ẹ má fi ìwàǹwára ṣe àmín o. Bí àmín bá ṣe pọ̀ tó ni owó á ṣe pọ̀ tó.

Mo wálé ní oṣù kẹjọ, àsìkò ọdún Ọ̀ṣun. Mo bá wọn lọ wo Arugbá. Ẹ mọ̀ bí gbogbo ìlú ṣe máa ń dá èémí dúró kí ọmọ náà má fẹsẹ̀ kọ kó tó gbé igbá dé odò. Wọ́n ń lùlù fún un, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ṣàdúrà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo ní irú èrò yìí ni mo nílò lọ́jọ́ ìdánwò. Ti èmi, Òyìnbó kan ṣoṣo ló ń wo ẹsẹ̀ mi, kò sì ṣàdúrà.

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo sọ ọ́ fún Ràṣídì, tí a jọ gun ọ̀kadà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló gbé Bajaj rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó ní wọn ò lè fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ó dáa, ká wọn mítà 7.5.

Màámi gbé téèpù bàbá mi jáde. Bàbá mi, káfíńtà ni wọ́n. Ẹnu téèpù náà ti ṣẹ́ láyé ọjọ́un, orí ínǹṣì kejì ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá sì wọ̀n, wọ́n á yọ méjì kúrò láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Mo wọn ẹ̀yìnkùlé láti ògiri dé ìdí máńgòrò, mo yọ méjì kúrò. Mítà mẹ́fà ó lé díẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé yìí náà ni wọ́n ti kọ́ mi ní máṣíìnì, pẹ̀lú pákó ní ìdábùú ẹ̀yìn Suzuki wọn. Òyìnbó fún mi ní méje àtààbọ̀ láìsí pákó, mo lọ sùn sílẹ̀.

A fi rọ́bà ìfọṣọ ṣe kóònù. Ní apá ògiri, ìkòkò aró ìyá Màámi méjì ló ṣe ìlà. Kí oòrùn tó wọ̀, àdúgbò ti pé. Bàbá Kékeré gbé àga àti bírò, wọ́n ní àwọn ni Òyìnbó. Òfin tiwọn rọrùn: ẹsẹ̀ kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, páànù kan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yìí ò ṣẹ́jú! Mo yí, ẹsẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n kọ ọ́. Mo fi ẹsẹ̀ yọ bàtà, wọ́n kọ ọ́. Ẹ̀fọn jẹ mí lórí ìdúró, mo yún ẹsẹ̀, wọ́n kọ ọ́. Àwọn ọmọdé ń kà á pẹ̀lú ìlù agolo: "Páànù kẹtàdínlógún! Páànù kejìdínlógún!" Ẹnì kan ti lọ pe bíríkìlà.

Mo ní n ò ní gbà. Mo rántí ohun tí ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní Leeds máa ń sọ: kílọ́ọ̀ṣì ààbọ̀, má tú u tán, má mú u tán. Iná díẹ̀ tí kò lọ sókè sódò. Fi ẹsẹ̀ ọ̀tún fa bíréèkì ẹ̀yìn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Jẹ́ kí máṣíìnì tẹ̀, kí ìwọ jókòó sí òdìkejì. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, yí orí, wo ibi tí o ń lọ, torí ojú ni máṣíìnì ń tẹ̀ lé. Mo ṣe gbogbo ẹ̀. Ó ń lọ bí òróró. Ni Màámi bá kígbe láti ìdí ògiri pé, "Rọra o, ìkòkò!"

Mo wo ìkòkò.

Ìró ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Àtáọ́ja, ẹ má jiyàn. Ekuru aró tó ti wà nínú ẹ̀ láti ayé ìyá àgbà tú jáde, gbogbo wa wẹ̀ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Màámi ká ọwọ́ lérí, wọ́n fi ohùn Ọ̀ṣun lọgun, bó ṣe lọgun nígbà tí Láróyè àti Tìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, gé igi lu odò: "Oṣó igbó o! Gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Ẹ̀rín pa wá. Ràṣídì wà nílẹ̀. Màámi fara ti ògiri, wọ́n ń nu ojú, wọ́n ní, "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Lílọ lọmọ yìí mọ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí padà."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá mi kú, wọ́n ti sin wọ́n kí wọ́n tó ki àsárì. Fóònù ni mo fi wò ó, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó lè gba ṣíìfù mi. Ọwọ́ ẹni tó di fóònù mú lọ́hùn-ún ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ni mo rí, bàtà, sálúbàtà, ẹsẹ̀ òfìfo. Mi ò rí bàbá mi. Ní ọjọ́ kẹta, ohùn Bàbá Kékeré wọlé: owó sàráà ọjọ́ kẹjọ ò tíì pé. Nínú gbogbo ohùn tó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn, kò sí èyí tó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ jàre. Páànù mẹ́tàlélógójì la wà.

Lálẹ́, Bàbá Kékeré bi mí pé èló ni owó ìdánwò náà. Mo ní pọ́n-ùn 15 àtààbọ̀, mi ò tíì ka owó máṣíìnì tí mo ń yá. Wọ́n ṣírò ẹ̀ lórí ìka, bíi 30,000 náírà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wò mí tàánútàánú. "Ìgbà mẹ́ta lo san iye yẹn láti ṣubú? Tí o bá fi ránṣẹ́ sí mi, màá bá ọ ṣubú níbí."

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, lẹ́yìn àsùbáà, mo rọra ti Bajaj Ràṣídì jáde. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Kílọ́ọ̀ṣì ààbọ̀. Mo yí orí, mo tẹjú mọ́ ìdí máńgòrò. Ó yí. Mítà mẹ́fà ó lé díẹ̀, ẹsẹ̀ ò kanlẹ̀, ìkòkò kejì ṣì wà lódidi. Mo tún un ṣe. Ó tún yí.

Ewúrẹ́ Ìyá Súlíà nìkan ló rí mi. Ó dúró, ó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́, ó wo gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo sọ fún wọn níbi oúnjẹ àárọ̀, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ìdánwò mi kẹrin ti sún mọ́lé. Mo ní ẹlẹ́rìí mi dà, bóyá kí n kúkú bá ewúrẹ́ yẹn wá fíísà.

Láti ìgbà yẹn, Bàbá Kékeré ò kí mi mọ́. Wọ́n ní àwọn ti ń tọrọ fíísà láti ọdún keje, ewúrẹ́ ni mo wá fẹ́ kọ́kọ́ mú lọ.