Ẹ̀yin ọlọ́sìn orí fónù

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ́ sísin ẹran lóde òní ti ń sú mi o. Èèyàn á wo fídíò méjì, á lọ kó òròmọdìyẹ rẹpẹtẹ wálé, tó bá wá dòru tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á máa pe àgbà ọlọ́sìn: "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, oògùn wo ni kí n rà?" Oògùn kẹ̀! Ṣó o tiẹ̀ ti wò wọ́n?

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú ẹ̀ ò sì kúrò níta. Àwọn òròmọdìyẹ yẹn ti ń sọ tẹnu wọn látàárọ̀: tí wọ́n bá ń gunra wọn lábẹ́ iná, òtútù ń mú wọn nìyẹn, tí wọ́n bá sá jìnnà síná tí wọ́n lanu sílẹ̀, ooru ti pọ̀ jù, tí wọ́n bá tú ká tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń mu, fi wọ́n sílẹ̀ jàre.

Bọ̀dá kan lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá tó ń sin ewúrẹ́, ó gbé ìwé àti bírò dání. Bàbá ò sọ nǹkan kan, ó ṣáà dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà bí wọ́n ṣe ń da oúnjẹ sílẹ̀. Gbogbo ẹran sáré wá, ọ̀kan ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá dì í mú, ó fa ìpénpéjú ẹ̀ ti ìsàlẹ̀, inú ẹ̀ funfun báláú, ó ní aran ti ń mu ẹ̀jẹ̀ eléyìí tipẹ́. Ó ṣí ti òmíràn, ó pọ́n dáadáa. Lójú bọ̀dá, ọ̀lẹ lewúrẹ́ tó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn yẹn ń ṣe.

Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà bàbá yẹn làwọn ẹran tó ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ló fi jẹ́ pé ẹran tuntun tó bá rà á dá wà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dara pọ̀ mọ́ tilé, ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, kò ní sinmi àfi tó bá mu wàrà àkọ́kọ́ ìyá ẹ̀.

Ẹ̀yin wá ńkọ́? Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá ní kùtùkùtù, ẹ dé lọ́sàn-án. Wọ́n ní kẹ́ ẹ gbá ilé adìyẹ, ẹ ní ẹ ò wá ṣọmọ ọ̀dọ̀ ẹnì kankan. Níbi gbígbá yẹn gan-an lèèyàn ti ń rí ìgbẹ́ tó lẹ́jẹ̀ nínú, ibẹ̀ lòórùn á ti ta ẹ́ lójú kó o mọ̀ pé omi ti rin ilẹ̀ jù. Tí ìgbálẹ̀ bá ń tì ẹ́ lójú, má tíì ra ẹran, kó o má fi nǹkan ẹlẹ́mìí jìyà ìgbéraga ẹ.