Ẹ Fún Olùkọ́ Ní Kọ́kọ́rọ́ Tábúlẹ́ẹ̀tì Náà

N kò lòdì sí i pé kí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ti tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ pa, kí ó má lè ṣí gbogbo ojú òpó, nítorí owó ìlú ni wọ́n fi rà á, ọmọdé ló sì ń lò ó. Ohun tí n kò fara mọ́ ni pé kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìyẹn àṣẹ láti ṣí i, wà ní ọ́fíìsì kan ṣoṣo, níbi tí ọwọ́ olùkọ́ kò lè tó o.

Ẹ wo Los Angeles ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013. Àjọ tó ń darí àwọn iléèwé ìjọba níbẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn lé ní 600,000, fẹ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iPad, ètò tí ìnáwó rẹ̀ yóò tó bílíọ̀nù kan dọ́là bí a bá ka íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ́ fà sí àwọn iléèwé mọ́ ọn. Kò pẹ́ rárá tí nǹkan bí 300 ọmọ, ní Roosevelt High School àti níbòmíràn, fi tú títì tí wọ́n tì í. Wọn kò ṣe iṣẹ́ awo kankan: inú Settings ni wọ́n wọ̀, wọ́n pa ohun tí àjọ náà fi ń darí ẹ̀rọ láti òkèèrè rẹ́, wọ́n sì bọ́ sórí Facebook àti YouTube. Èsì àjọ náà ni pé kí ẹnikẹ́ni má gbé iPad lọ sílé mọ́. (Awuyewuye lórí bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ náà fún àwọn oníṣòwò ló padà dá ètò náà dúró ní 2014, ìyẹn kọ́ ni mo ń bá wí lónìí.) Lójú tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ àwọn díẹ̀ ni wọ́n fi jẹ gbogbo ọmọ tó fẹ́ kàwé nílé níyà.

Títì náà ti le sí i báyìí. iPad tí iléèwé bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Apple, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, bí ọmọ tilẹ̀ nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò, yóò tún bọ́ sábẹ́ àṣẹ iléèwé nígbà tó bá kan íntánẹ́ẹ̀tì padà. Ṣùgbọ́n ó ń ti olùkọ́ náà mọ́ta. Olùkọ́ tó fẹ́ fi fídíò kan ṣàlàyé ẹ̀kọ́ rí i pé asẹ́, ìyẹn ètò tó ń dínà àwọn ojú òpó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti dínà rẹ̀, ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì, ìdáhùn sì dé lẹ́yìn tí kíláàsì ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn aláṣẹ a máa ní òfin ló fà á. Lóòótọ́, CIPA, òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2000, fi asẹ́ lé iléèwé tó bá ń gba ẹ̀dínwó íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Àwòrán ìṣekúṣe àti èyí tó lè ba ọmọdé jẹ́ ni òfin náà dojú kọ, ó sì gbà kí ẹni tí wọ́n yàn ṣí asẹ́ náà fún àgbàlagbà tó ń ṣe ìwádìí gidi. Kí ló dé tí ẹni tí wọ́n yàn yẹn kò fi lè jẹ́ olùkọ́?

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún 2013 kan náà, nígbà tí Gómìnà Aregbesola gbé tábúlẹ́ẹ̀tì Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún akẹ́kọ̀ọ́: ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni wọ́n kó sínú rẹ̀, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọkàn òbí balẹ̀, àmọ́ olùkọ́ kò lè fi iṣẹ́ tuntun ránṣẹ́ sí ọmọ lórí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni, ọ́fíìsì yóò máa mójú tó ẹ̀rọ tó sọnù àti áàpù tó ń wọlé. Olùkọ́ yóò lè ṣí ojú òpó kan fún kíláàsì rẹ̀ títí aago yóò fi lù, àkọsílẹ̀ yóò sì wà pé òun ló ṣí i. Àṣẹ lórí kámẹ́rà ni n kò ní fún ẹnikẹ́ni, nítorí ní Lower Merion, ní Pennsylvania, àwọn aláṣẹ iléèwé ń tan kámẹ́rà kọ̀ǹpútà alágbèéká àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti òkèèrè nígbà tí wọ́n wà nílé wọn, wọ́n sì san $610,000 ní 2010 kí ẹjọ́ náà tó parí.