Àga Rọ́bà Tó Fẹ́ Ọmọ Wa

Mo kí àwọn ọ̀làjú Ìkòròdú kú ọgbọ́n. Ní ọdún 2020 tí kòrónà sé wa mọ́lé, ó di dandan kí a máa pàdé lórí Zoom. Nísinsìnyí tí kò sí ẹni tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa, òun náà ni a fi ń ṣe ìdána.

Ní Sátidé tó kọjá, ní Ìta-Ẹlẹ́wà, alága ìjókòó ní kí ọkọ ìyàwó, tó wà ní Kánádà, dọ̀bálẹ̀ kí àwa àna rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ràn: ó dọ̀bálẹ̀, ó sì pòórá. Àga rọ́bà funfun tó dìde lórí rẹ̀ nìkan ló kù lójú fóònù, òun sì ni a ṣàdúrà fún. A ní àga yóò bí tibi-tire. A ní àga kò ní ṣòfò. Ìyá wa àgbà, tí kò ríran dáadáa mọ́, ní ọkọ náà wu òun, ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi ní ẹsẹ̀ mẹ́rin?

Ọgbọ́n ńlá kúkú ni. Agbádá kò rún, eékún kò bó, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́ tàbí ńṣe ló sùn sílẹ̀ tó ń jẹ bisikíìtì. Ọ̀lẹ gbogbo! Nígbà tèmi, inú ẹrẹ̀ ni mo dojú dé ní Ẹ̀pẹ́, àwọn ìyàwó ilé sì ń pariwo pé àyà mi kò tíì kanlẹ̀. Aṣọ tí mo yá wọ bàjẹ́, mo sì san owó rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kàn mí, ọmọdé tó ń darí ìpàdé ti pa ohùn mi. Èmi! Mo pa òwe mẹ́rin kí wọ́n tó sọ fún mi pé ara mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣí i báyìí ni ìpàdé já, nítorí 40 ìṣẹ́jú ni Zoom ọ̀fẹ́ fún wa, ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ wa lọ sí Kánádà kò sì lè sanwó. Kí a tó padà wọlé, wọ́n mú iná lọ, ní Ìkòròdú tí ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin, tí wọ́n kọ́ fún 1,320 mẹ́gáwáàtì, ń bẹ létí ọ̀sà rẹ̀.

Wọ́n ní kí n má bínú, pé àwòrán ẹrù ìdána ti wọlé sórí WhatsApp. Mo ti ka iṣu inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ogójì ni, ó ku méjì.