Ta ló ní Búdà ní kẹ́ ẹ sọ orí yín di òfìfo?

Ẹnì kan tún ti gbé e sórí wọ́sáàpù wa láàárọ̀ yìí pé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà máa ń jókòó ṣàṣàrò, wọ́n á sọ ọkàn wọn di òfìfo, ẹ̀mí àìmọ́ á wá wọlé. Ó mà ti sú mi o. Wọ́n á tún fa Mátíù 12 yọ, ilé tí wọ́n gbá mọ́ tó ṣófo. Kò burú, àmọ́ ilé tá à ń sọ yìí, onílé wà ńbẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ná. Buddhaghosa, ọ̀mọ̀wé ẹlẹ́sìn Búdà tó kọ̀wé ní Sri Lanka ní ọ̀rúndún karùn-ún ka nǹkan 40 sílẹ̀ téèyàn lè gbájú mọ́ tó bá ń ṣàṣàrò. Amọ̀ wà lára ẹ̀. Wàá wá amọ̀ tó pọ́n bí ojú sánmọ̀ ìdájí, wàá ṣa koríko, gbòǹgbò àti òkúta wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ dànù, wàá tẹ́ ẹ rebete kó dán, wàá jókòó síwájú ẹ̀ máa wò ó, wàá dijú, wàá tún là á, títí wàá fi dijú tán tí wàá ṣì máa rí amọ̀ yẹn kedere. Orí wo ló wá ṣófo ńbẹ̀?

Inú jhana gan-an ńkọ́, ìyẹn àwọn ipele tí ọkàn máa ń dé tí àṣàrò bá ti wọra? Mẹ́rin ni Búdà sábà máa ń kà. Nínú àkọ́kọ́, ìrònú ṣì ń ṣiṣẹ́ (àwọn olùkọ́ ń jiyàn lórí irú ìrònú tó jẹ́, ó dáa, a gbọ́), ayọ̀ àti ìtura wà ńbẹ̀, Búdà ní ó dà bí ìgbà tí ẹni tó ń wẹ̀ fún èèyàn bá po ìyẹ̀fun ọṣẹ mọ́ omi títí omi fi rin gbogbo ẹ̀ láìkán sílẹ̀. Ìkejì, ìrònú rọlẹ̀, ayọ̀ ṣẹ́kù. Ìkẹta, ayọ̀ náà lọ, ìtura kù. Ìkẹrin, kò sí dídùn kò sí ìrora, àmọ́ ojú inú là ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún yin Sariputta ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ pé gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ní ipele kọ̀ọ̀kan ló mọ̀, ó mọ ìgbà tó dé, ó mọ ìgbà tó lọ. Ẹni tórí ẹ̀ ṣófo ló ń ṣọ́ ìyẹn?

Èmi náà máa ń jókòó ṣọ́ èémí mi kílẹ̀ tó mọ́, mi ò tíì fojú kan jhana kankan o, àmọ́ owó iná, lánlọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí mi lánàá, gbogbo ẹ̀ ló máa ń rọ́ wọlé, mo kàn ń padà síbi tí èémí ti ń kan ihò imú mi ni.

Àti pé ipele kan wà lókè mẹ́rin yẹn tí wọ́n ń pè ní "kò sí nǹkan kan", olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Alara Kalama ló fi kọ́ Búdà kó tó di Búdà. Ó mọ̀ ọ́n délẹ̀, Alara ní kó wá káwọn jọ máa darí àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun, àmọ́ Búdà ní ohun tóun ń wá ò sí ńbẹ̀, ó gbọ̀nà tiẹ̀ lọ.